Ẹnu tí Nubia Fi Sílẹ̀ fún Ọmọ Rẹ̀

Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà mọ́kànlélógójì, gbogbo èrò tó kún ilé ìtọ́jú eyín kan ní ìlú Cali dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ọkọ ni wọ́n ń pín. Níbi tí wọ́n ti ń ti ara wọn ni ojú Marleny àti ti ọmọkùnrin kan tó gbé páálí mọ́ àyà ti ṣe mẹ́rin. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Eyín rẹ̀ tò bí ọmọ àgbàdo lára ṣúkù. Ó dá Marleny lójú pé wọ́n ti yọ lára eyín yẹn.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà kan ti wà nínú báàgì rẹ̀. Dókítà tó fẹ́ fi wáyà to eyín rẹ̀ ló kọ ọ́ sí àwọn tó ń yọ eyín: kí wọ́n yọ mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kí àwọn tó yọ gan-n-gan síta lè rí àyè padà sẹ́yìn. Bí kò bá fi í sílẹ̀ ní fèrèsé tí wọ́n ti ń gba ìwé kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà tó lù, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè tí ó ti ń dúró dè láti oṣù mẹ́rìnlá. Bẹ́ẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ ti ń mì, ó sì ń gé ètè rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ẹnu Nubia ìyá rẹ̀ ni ẹnu yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Marleny nígbà tí Nubia kú, omíyalé sì ti kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ lọ. Bí àárò ìyá rẹ̀ bá sọ ọ́, dígí ló ń lọ wò. Àǹtí Fanery tó tọ́ ọ dàgbà sì ti kìlọ̀ pé ìgbà tí wọ́n yọ eyín Leidy aládùúgbò wọn ni ojú rẹ̀ rọ̀ bí àpò tí wọ́n da ìrẹsì inú rẹ̀ nù.

Marleny sáré tẹ̀lé ọmọkùnrin náà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé wọ́n yọ tiyín?"

"Yeferson ni mo ń jẹ́. Bọ̀ọ̀dá kẹ̀? Àgbà ò tíì kàn mí."

Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ó máa fi ìyẹ̀fun funfun tó ń le bí òkúta ṣe àwòkọ eyín àwọn èèyàn. Ó fi fọ́tò ara rẹ̀ hàn án, èyí tó yà kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀ àti èyí tó yà lẹ́yìn náà, láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ètè ti padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò jìn. Nígbà tí Marleny sọ ọ̀rọ̀ Leidy fún un, ó bèèrè bóyá Leidy rù nígbà náà. Marleny rántí pé Leidy bí ìbejì lọ́dún yẹn, ó sì rù kan egungun.

"Ojú tèmi ńkọ́?" ni Marleny bèèrè. "Ṣé o lè búra pé kò ní yí padà?"

"Mi ò lè búra. Ètè á yí padà, ìyẹn dájú. Odindi oṣù kan ni màmá mi fi ń wò mí bí àlejò."

Omijé dà lójú Marleny. "Ìyẹn ni pé Nubia màmá mi, ẹni tó ni ẹnu yìí, á kú lẹ́ẹ̀kejì. Èmi gan-an ni màá sì fọwọ́ sí i."

Yeferson wo aago: mọ́kànlá ti lù. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó po ohun kan tó pupa tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó ní kí Marleny jókòó, kí ó máa fi imú mí.

"Má sọ̀rọ̀ o," ló wí, bó ti ń tẹ́ ẹ lé ètè àti àgbọ̀n rẹ̀. "Bí o bá sọ̀rọ̀, Nubia á wọ́."

Nígbà tí ó dì, ó ṣí i kúrò, ó da ìyẹ̀fun pípò sínú rẹ̀, wọ́n sì dúró. Marleny ń ka ìṣẹ́jú bí ẹni tí wọ́n ń sọ òkò sí. Nígbà tí Yeferson tú u jáde, ètè funfun méjì ló hàn, wọ́n là díẹ̀, bí ìgbà tí Nubia bá fẹ́ pè é wá jẹun. Marleny fọwọ́ kàn án. Ó ṣì gbóná. Ó bú sẹ́kún.

Obìnrin tó wà ní fèrèsé ti ń fa ìlẹ̀kùn irin sílẹ̀ nígbà tí Marleny dé ibẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ dúró di Kérésì ni?"

Marleny fi ọwọ́ òsì di ètè ìyá rẹ̀ mú mọ́ àyà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún na lẹ́tà náà. Obìnrin náà fà á lẹ́ẹ̀kan, kò wá. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, Marleny sì jọ̀wọ́ rẹ̀.