Etí Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn

Iṣẹ́ ọwọ́ Aliyyah ni àwọn èèyàn fi ń mọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Màmá Ìníolúwa ní Èrúwà. Bó bá kó iṣẹ́ sí ọrùn agbádá, òwú á máa yí po bí omi tó ń ṣàn láàárín òkúta, ẹni tó bá wò ó pẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó bá wá. Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ọmọ àgbẹ̀ ni láti ọ̀nà Lánlátẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í wo èèyàn lójú.

Àmọ́ bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́nu ọ̀nà, tí rédíò ń pariwo, tí àwọn oníbàárà tún ń jiyàn lórí sítáì, Aliyyah á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á wọ abẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, á máa mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Fọlábí, tí wọ́n jọ ń ránṣọ, sọ pé ìgbéraga ni.

Lọ́jọ́ ọjà kan, jẹnẹrétọ̀ dún gbàù bí ìbọn. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná bọ́ lọ́wọ́ Aliyyah sórí léèsì ìyàwó tuntun kan. Léèsì jó. Aliyyah sá jáde, kò mú bàtà.

Màmá Ìníolúwa bẹ ìyá ìyàwó títí, lẹ́yìn náà ló gun ọ̀kadà lọ sí oko àwọn Aliyyah. Àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ gba orí wọn kọjá. Àárín àgbàdo ló ti bá Aliyyah, ó dijú, bí ẹni tó sùn tí kò sùn. Ìbáwí ni obìnrin náà gbé wá, àmọ́ ibẹ̀ dákẹ́ débi pé ìbáwí ọ̀hún yọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ká ìró rẹ̀, ó jókòó sórí ebè.

"Aliyyah, báwo ló ṣe máa ń rí fún ẹ?"

Aliyyah la ojú. "Mà, etí tiyín ní ilẹ̀kùn. Ẹ lè ti rédíò mọ́ta, kí ẹ gbọ́ oníbàárà. Tèmi ò ní. Gbogbo wọn ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ nínú orí mi. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni."

Wọ́n jọ jókòó títí òjìji àgbàdo fi gùn bò wọ́n lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí Màmá Ìníolúwa padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó kó ẹrù kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn, ó kun ibẹ̀ ní funfun, ó fi gílóòbù ńlá sí i, ó sì gbé máṣínì Aliyyah síbẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Aliyyah dé, ó wo òkè, ó wo ògiri. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mà, kí ni mo ṣe tí ẹ fi tì mí mọ́lé?"

Ọ̀rọ̀ náà gún ọ̀gá rẹ̀ lọ́kàn. Ó ti ṣe yàrá fún èèyàn láìbi í léèrè.

"Má bínú. Ìwọ gan-an, níbo lo fẹ́?"

Aliyyah jáde sínú ṣọ́ọ̀bù, ó rìn káàkiri bí ẹni tó ń lá àlá, ó ń fọwọ́ kan ògiri, ó ń tẹ́tí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí igi káṣú.

"Ibí. Mo fẹ́ máa rí yín, mi ò kàn fẹ́ máa gbọ́ gbogbo yín pọ̀."

Ó ní gílóòbù yẹn ń kùn bí eṣinṣin, ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tó òun. Kí jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ilé, kí ohùn rédíò lọ sílẹ̀. Kí wọ́n so òfì àtijọ́ kan tó nípọn sí ẹnu ọ̀nà, kó máa gba ariwo títì. Kí ẹni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ gba iwájú wá, kó má fọwọ́ kan òun lẹ́yìn.

Fọlábí fajú ro. "Mà, torí ẹnì kan la ó ṣe pa rédíò?"

"A ò pa á, a dín in kù ni. Ṣáà gbìyànjú ẹ̀ wò."

Oníbàárà kan sọ pé ṣọ́ọ̀bù náà ti dákẹ́ jù fún òun, kò padà wá. Àwọn ọjọ́ kan sì wà tí Aliyyah ṣì ń ká iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, tó ń gba ilé lọ. Kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku bo ìlú, ìmọ́lẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù wá pọ́n bí oyin. Máṣínì ń lọ jẹ́ẹ́. Fọlábí gbé àga rẹ̀ wá sí ẹ̀bá fèrèsé.

"Orí ń fọ́ mi. Ṣé mo lè jókòó díẹ̀?"

Aliyyah sún sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ewé káṣú já bọ́ níta, òmíràn tẹ̀ lé e. Fọlábí gbé orí lé apá, oorun sì gbé e lọ.