Ìṣẹ́jú Mẹ́ta fún Àwọn Adití

Bí ẹnì kan bá wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí tó mọ̀ bí a ṣe ń kí ènìyàn, Bàbá Nathaniel Ọládipúpọ̀ ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé tó kọ́ àwọn ọmọ ni ìlú fi ń rántí rẹ̀. Bí Bíṣọ́ọ̀bù bá ń bọ̀, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Yóò kí Bíṣọ́ọ̀bù, yóò kí ìyàwó rẹ̀, yóò kí awakọ̀ tó gbé wọn la òkè kọjá, inú oníkálukú yóò sì dùn bí ẹni pé tirẹ̀ ló dára jù. Ìkíni ò sọ ọ́ di olówó, àmọ́ ó fún un níyì, iyì náà sì dùn mọ́ ọn. Ta ni iyì kì í dùn mọ́?

Ìdí nìyí tí àwọn òbí ọmọ adití fi ní kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá àwọn sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó fẹ́ di ààrẹ.

Yàrá kan ṣoṣo ni kíláàsì àwọn adití, lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọmọ méjìlá ló wà níbẹ̀, àwọn kan láti Òkè-Ìmẹ̀sí, àwọn kan láti Ìdó-Ilé, ọ̀kan tilẹ̀ ń wá láti Ẹ̀fọ̀n. Tíṣà Esther nìkan ló mọ èdè ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Tíṣà Esther pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n ní kó máa lọ ilé, ó sì kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kò sí ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ni àwọn òbí kọ, gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀kan ò bọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wá là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé bí ọdún bá yí tí tíṣà ò dé, òun yóò kó àga tó ti fọ́ sínú yàrá náà, òun yóò sì tì í.

Jemimah, ọmọ tí ọmọbìnrin Bàbá bí kó tó kú, wà nínú àwọn méjìlá yìí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí àìsàn yírùnyírùn mú etí rẹ̀ lọ; ó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Èdè ọwọ́ tí Tíṣà Esther kọ́ wọn, Bàbá ò kọ́ ọ; ó ní ọwọ́ òun ti gan. Ìwé àti báírò ni òun àti ọmọ náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tàbí kí Bàbá sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí Jemimah máa wo ètè rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án, ọmọ náà ò ní àgbàlagbà kan tó lè bá sọ̀rọ̀ tọwọ́tọwọ́ mọ́. Bó bá gbálẹ̀ tán, á tún un gbá. Ó ń dun Bàbá dé egungun.

Àfi bí àjọ kan ṣe ti Abújá dé. Wọ́n ní àwọn ń kó àwọn olùdíje fún ipò ààrẹ káàkiri láti fetí sí àwọn tí wọn ò pọ̀ tó láti fi ìbò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni: adití, afọ́jú, arọ, àwọn àgbẹ̀ Ebira tó ti pẹ́ nínú oko wa. Ìjerò ni wọn yóò ti jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní; bó bá ti pé, wọn yóò lu agogo. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni kò mọ ẹnu òṣèlú. Ìgbà tó yá ni ìròyìn dé pé níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ jókòó, obìnrin afọ́jú kan dìde, ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn afọ́jú ni àwọn fẹ́, ó jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn olùdíje fa fóònù yọ lójú gbogbo ayé, kò sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ náà fi dé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, kò sí òbí kan tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Jemimah ló kọ ohun tí wọn yóò sọ. Ó kọ ọ́ sórí ìwé kan, lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán:

*Àwa ọmọ adití méjìlá ni. Tíṣà wa ti fẹ̀yìn tì. Tíṣà kan tó mọ èdè ọwọ́ ni a fẹ́. Bí kò bá dé kí ọdún tó yí, wọn yóò ti kíláàsì wa.*

Ó tẹ́ ìwé náà síwájú bàbá rẹ̀ àgbà, ó kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ pé, "Bàbá, èyí nìkan ni kí ẹ kà."

Bàbá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "A ó kọ́kọ́ kí wọn ná. A kì í dé ọ̀dọ̀ ènìyàn ká kàn máa béèrè."

Ó dìde, ó dán ìkíni náà wò fún un. Jemimah ń wo ètè rẹ̀, ó ń wo aago fóònù. Nígbà tó ṣe, ó kọ ọ́ pé, "Ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ti lọ, ẹ ò sì tíì parí."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí. Ta ló fẹ́ lu agogo lé àgbà lórí? Látìgbà tó ti ń dìde sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tó wo aago fún un rí.

Ní ọjọ́ náà, aago mẹ́wàá ni wọ́n dá, aago méjì ni àwọn olùdíje mẹ́ta dé. Gbọ̀ngàn gbóná. Ọba mẹ́fà láti ìlú tó yí ká ló wà ní ìlà iwájú, àwọn ìjòyè wọn wà lẹ́yìn. Wọ́n tilẹ̀ mú ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ wá, àmọ́ kámẹ́rà tẹlifísàn ló kọjú sí, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ adití. Jemimah rọra sún dé ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tó ti lè rí ẹnu bàbá rẹ̀ àgbà kedere. Olúrántí, ìyá ọmọ kan láti Ìdó-Ilé, jókòó tì í pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀.

Ọlámijí ni wọ́n kọ́kọ́ pè, ọ̀dọ́mọkùnrin arọ kan láti Ìpotí, lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gba máíìkì, ó ní, "Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló wà níbi tí àwa ti ń dìbò..." Kò kí ẹnikẹ́ni. Ariwo sọ láàárín àwọn ìjòyè.

"Ọmọ ulé ta nìyí? Kò rí ọba ni?"

"Ṣé ọmọ àbíìkọ́ ni wọ́n kó wá bá wa ni?"

Ọlámijí ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ariwo ti bo ohùn rẹ̀. Kí wọ́n tó pa ariwo náà, agogo ti dún. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, òógùn bò ó lójú. Bàbá mi orí. Ó káàánú ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ ò rí i bí?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe adití.

Bàbá dìde pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ọba, gbogbo gbọ̀ngàn ní "Hẹ̀ẹ́n!" Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé bí a bá kí ọba ìlú kan ṣáájú ti ìkejì láìtọ́, ọ̀rọ̀ náà á dé ilé ẹjọ́. Bàbá mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ó kí ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú oríkì ìlú rẹ̀, ó kí ìkejì, kò fi oyè kan sílẹ̀, kò ṣì kan pe. Àwọn ìjòyè ń mi orí. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa!" Nígbà tó dé orí ọba kẹfà, ara rẹ̀ ti yá, ohùn rẹ̀ ti ṣí, ó sì gbàgbé pé ìwé kan wà nínú àpò òun. Ó kọjú sí àwọn olùdíje. Ó kí ti àkọ́kọ́, ó kí ilé tó bí i. Ó kí ìkejì. Ó ń lọ sórí ìkẹta ni agogo dún, kàn-án.

Ó rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n lù ú fún.

Níkẹ́, ọmọbìnrin tí agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀, wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàbá, àkókò ti pé."

"Ọmọ mi, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti fẹ́ pé, sà. Mo ti fún yín ní èènì. Ẹ má bínú sí mi." Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tó fi na ọwọ́ méjèèjì sí máíìkì.

Kí ni àgbàlagbà fẹ́ ṣe fún ọmọ tó kúnlẹ̀? Ká ní ó rí i fín ni, á mọ èsì tí yóò fọ̀. Ọwọ́ Bàbá tú, máíìkì bọ́ sí ọwọ́ Níkẹ́, àtẹ́wọ́ sì gba gbọ̀ngàn náà kan. Àwọn ọba ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Olùdíje kejì ní ìkíni bàbá yìí wọ òun lọ́kàn, ó ní irú ìwà ọmọlúàbí báyìí ni orílẹ̀-èdè wa ń fẹ́. Wọ́n pe àwọn àgbẹ̀ Ebira.

Bàbá wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Jemimah ò pàtẹ́wọ́. Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu bàbá rẹ̀ àgbà ni ojú rẹ̀ kà, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí òun kọ. Ẹ̀rù ba Bàbá, ìtìjú sì mú un, irú èyí tí kò mú un rí láyé.

Nígbà tí wọ́n tú ká, ó sáré jáde, agbádá lọ́wọ́. Ó bá olùdíje kejì ní ẹ̀bá ọkọ̀, èrò bò ó, oníkálukú ń na ìwé sí i kó bá àwọn kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Bàbá na ìwé Jemimah. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ wa, tíṣà..." Olùdíje náà rí i, ó dá a mọ̀. "Áà, Bàbá oníkìíni! Ẹ̀yin kẹ̀?" Ó gba ìwé náà, ó yí i sẹ́yìn, ó buwọ́ lù ú gbàràgàdà, ó dá a padà fún un, ó sì wọkọ̀. Ojú rẹ̀ ò kan ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé náà. Ọkọ̀ gbéra.

Nínú tákísí tó ń gbé wọn padà, Jemimah kọjú sí fèrèsé. Bàbá fọwọ́ kàn án léjìká, kò wẹ̀yìn. Ọmọ Olúrántí ń sùn lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ Aramọkọ, Olúrántí ní, "Bàbá, ẹ ṣeun o. Àmọ́ ẹ ò dárúkọ tíṣà."

Bàbá fa áńkáṣíìfù yọ láti nu ojú, ìwé náà sì bá a jáde, ó bọ́ sílẹ̀. Jemimah bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: Tíṣà Esther ti kọ́ àwọn ọmọ náà, kó tó fẹ̀yìn tì, pé ìwé tí ọ̀gá ò buwọ́ lù, asán ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀gá bá buwọ́ lù ú, iṣẹ́ parí. Jemimah wo ìbuwọ́lùwé náà, ó yí i síwájú, ó ka ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó tún yí i sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ là. Ó dì mọ́ bàbá rẹ̀ àgbà lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìwé náà han Olúrántí.

"Yéè! Ó ti buwọ́ lù ú!" Olúrántí jí ọmọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ ti bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ tán, ẹ sì dákẹ́! Ùyà àwọn ọmọ wa tán nìyẹn! Ọlọ́run ó dá yín sí fún wa."

Bàbá wá báírò rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Kì í ṣe," ó sì dúró níbẹ̀. Jemimah ò tilẹ̀ wo ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ń fò níwájú ọmọ Olúrántí, ọmọ náà ń fò lórí ìjókòó, Olúrántí ń kọrin, awakọ̀ ń gbè é. Bàbá dé báírò náà. Ó ní nígbà tí àwọn bá délé, òun yóò sọ fún un. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní ó di ọ̀la. Ní ọjọ́ Àìkú, Olúrántí dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ní Ìdó-Ilé, ọ̀rọ̀ sì ti dé Ẹ̀fọ̀n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Jemimah ti jáde kí Bàbá tó jí. Bàbá wọ bàtà, ó tẹ̀lé ọ̀nà ilé-ìwé. Wọ́n ti gbá yàrá náà. Wọ́n ti fọ pátákó ìkọ̀wé, wọ́n kọ déètì ọjọ́ náà sí i lápá òkè. Àwọn méjèèjìlá jókòó nínú yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n pàápàá ti dé, ìwé náà sì wà lórí tábìlì tíṣà pẹ̀lú òkúta lórí rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n yí sókè.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ohun tí yóò fi sọ ọ́ fún wọn, kò rí i. Nínú gbogbo èdè ọwọ́ àwọn ọmọ yìí, ìkíni nìkan ni ó mọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kí wọn. Àwọn méjèèjìlá kí i padà, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń dúró de èyí tó kàn.