Omi Abẹ́ Tábìlì Ìgé-aṣọ

Ohun tó dẹ́rù ba Àǹtí Aránṣọ láàárọ̀ ọjọ́ náà kò léyín, kò níwo, kò sì pariwo. Ó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣí i, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọlé, ẹsẹ̀ náà sì rì sínú omi tútù dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó kígbe. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀, ó sì gbójú sókè wo ọ̀run. Kò sí ìkùukùu kankan níbẹ̀. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni wọ́n wà. Ilẹ̀ ti là, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì ti gbẹ débi pé ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀, oníkálukú sì ń ṣọ́ omi inú garawa rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ wúrà.

"Òjò ò rọ̀," ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Ta ló wá da omi sí mi nílé?"

Ó na ọwọ́ láti ìta, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Àwọn àjákù aṣọ léfòó káàkiri bí ewé. Abẹ́ tábìlì ńlá tó fi ń gé aṣọ ni omi náà ti ń ru sókè, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí omi orí iná tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Plọ́ńbà ló kọ́kọ́ pè. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tí kì í kánjú. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó yẹ abẹ́ ògiri wò, lẹ́yìn náà ó lọ ti páìpù ńlá tó ń gbé omi wọ àdúgbò pa. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ èpè fún un láti ojúlé dé ojúlé. Omi inú ṣọ́ọ̀bù kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ti nǹkan kan pa. Ó ń ru bọ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú o." Ó bu omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹnu kàn án. "Èyí kì í ṣe omi páìpù. Omi páìpù máa ń rùn bí oògùn. Èyí dùn."

"Ó dùn báwo? Níbo ló ti wá?"

"Èmi náà fẹ́ẹ́ bi yín ni."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń lọ, ó sì ń bojú wẹ̀yìn.

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, ká gbójú sókè sí òkè tó wà lẹ́yìn ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn. Igi àjèjì kan ló gba òkè náà tẹ́lẹ̀, olódòdó rúsúrúsú, tí ẹnì kan gbé wá nígbà kan nítorí ibòji. Igi ibòji náà ló sọ ara rẹ̀ di ọba. Àwọn ará àdúgbò kúkú sọ igi náà ní Gbàjọba. Koríko kì í hù lábẹ́ rẹ̀, ẹyẹ kì í tẹ́ ìtẹ́ sí i, ewúrẹ́ tó bá jẹ ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí iná ràn mọ́ ọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan, tó jó wá dé ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn, ni àdúgbò tó dìde. Àǹtí Aránṣọ, tí kò gé ohunkóhun ju aṣọ lọ rí láyé rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe olórí, torí pé ohùn rẹ̀ lè jí òkú.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń gòkè pẹ̀lú àdá, àáké àti ọkọ́. Màmá Tíṣà, ìyá àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, á jókòó sórí àpótí nísàlẹ̀, á máa pàṣẹ fún wọn. "Ẹ má kàn gé e lásán! Tẹ́ ẹ bá fi gbòǹgbò sílẹ̀, ẹ kàn gẹ irun fún un ni!" Wọ́n hú u tegbòtegbò. Wọ́n gbin igi ìbílẹ̀ sí ipò rẹ̀, àwọn tí Màmá Tíṣà ti fi sùúrù hù nínú ike lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ọkọ Àǹtí Aránṣọ, tó jẹ́ dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù, kì í pa Sátidé jẹ bó bá wà nílé. Orí ló fi ń ru gbòǹgbò sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dá sí i: Káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti Àǹtí Aránṣọ. Igi Gbàjọba ló fi ń kan àga, ó sì ní ṣe ni wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Alátakò ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dáhùn.

Òun náà ló kọ́kọ́ yọjú láàárọ̀ ọjọ́ omi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo abẹ́ tábìlì títí.

"Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù," ó wí. "Aránṣọ, ìwọ lo dà á, máa tẹ̀ ẹ́."

"Bọ̀dá Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín."

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín?" Lóòótọ́, kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lọ mú Màmá Tíṣà wá. Ìyá náà kò bèèrè ohunkóhun. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, ó sì dijú.

"Odò yẹn ni," ó wí.

"Odò wo, Màmá?"

"Odò tí a máa ń gba orí pákó kọjá lọ sílé ìwé. Ibí gan-an ló ń gbà. Nígbà tí mo délé ọkọ, ó ti ń dín kù. Nígbà tí mo fi máa bí àbíkẹ́yìn, ó ti tán. A ní ọ̀dá ni. A ò mọ̀ pé àwọn igi yẹn ló ń fà á mu lókè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa." Ó lajú wo Àǹtí Aránṣọ, omijé sì ti kún un lójú. "Ẹ ti lé àwọn amumi lọ, ọmọ mi. Omi padà wálé."

Ọ̀rọ̀ náà ba Àǹtí Aránṣọ bí ìgbà tí wọ́n la igi mọ́ èèyàn lágbárí. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Kòtò gbígbẹ kan ló bá níbẹ̀, ó fi iyẹ̀pẹ̀ dí i, ó sì to búlọ́ọ̀kù lé e. Ta ni ì bá mọ̀ pé ojú odò ni? Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì wò, níbi tí èékù àdá ti bó o, tó sì ti yi.

"Ọwọ́ ara mi," ó wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi pè é."

Ọkọ rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin náà kò gbà pé nǹkan kan wà láyé tí kọnkéré kò lè yanjú. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́n omi náà, wọ́n da kọnkéré sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tẹ́ ẹ, ó dán bí àwo. Kọnkéré gbẹ, omi dáwọ́ dúró. Dírẹ́bà ń fẹsẹ̀ lù ú, ó ń fi han gbogbo ẹni tó bá kọjá. Àǹtí Aránṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ilẹ̀, bí ẹni ń hanrun nínú yàrá kejì.

Kò pẹ́ sígbà náà, ó ń wọn aṣọ ìyàwó kan lórí tábìlì nígbà tó gbọ́ "kẹ́!" Ògiri ẹ̀yìn sán, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi ẹfun fa ìlà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kígbe, wọ́n sá jáde. Òun kò sá. Ó dúró pẹ̀lú aṣọ funfun náà lọ́wọ́, ó ń wo ìlà náà bó ṣe ń fẹ̀ sí i, omi pupa sì ń yọjú láàárín rẹ̀. Àfi bí ẹnì kan ṣe já wọlé, tó gbá a mú lọ́rùn ọwọ́, tó sì wọ́ ọ síta bí àpò aṣọ. Ògiri wó lulẹ̀ lẹ́yìn wọn. Omi gba ẹnu ọ̀nà já sí títì bí ohun tí wọ́n ń lé.

Ìgbà tí eruku rọlẹ̀ ló tó rí i pé Káfíńtà ló di òun mú.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," Káfíńtà ń wí. Ó tún un wí, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún.

"Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo gbọ́ ìró. Mo mọ ìró ohun tó fẹ́ já."

Wọ́n pé jọ sí títì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ pọ̀, kò sì lórí. Ìgbà yẹn ni ọkọ Àǹtí Aránṣọ dìde. Iyẹ̀pẹ̀ ògiri bàbá rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀.

"Gbòǹgbò Gbàjọba díẹ̀ ṣì kù lókè," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n hù padà. Kí wọ́n mu omi yìí gbẹ, ká sinmi."

Àwọn kan mirí. Ẹ̀rù tó ba Àǹtí Aránṣọ nígbà tí ògiri wó kò tó èyí.

"Bàbá wọn," ó wí, "ẹnu yín lèyí ti jáde?"

"Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni. Iṣẹ́ tìẹ ńkọ́? Ìwọ náà sọ tìẹ, ká gbọ́."

Gbogbo ojú yí sí i. Bó bá ti sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni," ó ti parí nìyẹn. Ó yíjú kúrò láàárín wọn, ó sì gòkè lọ.

Kò lọ wá nǹkan kan níbẹ̀. Ó kàn fẹ́ wà níbi tí ẹnì kankan kò ti ní bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni. Ó ń rìn láàárín àwọn igi kéékèèké tí wọ́n gbìn, títí ó fi dé ibi tí ilẹ̀ ti tutù, tí omi ti ń sun láti abẹ́ òkúta. Ewéko kan ti bo ibẹ̀. Igi rẹ̀ pupa, ewé rẹ̀ ká bí ìka ọmọ tuntun. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó já ọ̀kan, ó mú un sọ̀ kalẹ̀ wá bá Màmá Tíṣà láàárín àwọn tó ṣì pé jọ sí títì.

Ìyá náà gbà á, ó gbé e sí imú, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀.

"Ta ló gbin èyí?"

"Èmi ni mo fẹ́ bi yín, Màmá. Ó kún ibẹ̀."

"Kò sí nínú àwọn tí mo hù. Mi ò rí i mọ́ látìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọdé. Etí odò yẹn nìkan ló máa ń hù sí." Ó ń yí i lọ́wọ́. "Á jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni èso rẹ̀ ń sùn sí."

"Gbogbo ọdún yẹn?" Ọkọ Àǹtí Aránṣọ ló bèèrè.

"Gbogbo ọdún yẹn."

Dírẹ́bà gba ewé náà, ó wò ó, kò sì lè dá a padà. Ó rọra jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan tó yí síta. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ Gbàjọba mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká wó ògiri tó kù, kí odò rí ọ̀nà gbà," ni Àǹtí Aránṣọ fi ohùn tó lè jí òkú wí.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé òòlù ńlá lọ́jọ́ kejì. Ó ń lu ògiri bàbá rẹ̀, ó sì ń sunkún lójú gbogbo ayé, kò nu ojú. Àdúgbò kó búlọ́ọ̀kù kúrò, wọ́n la ojú odò dé ibi tó ti máa gba abẹ́ títì kọjá. Káfíńtà fi pákó Gbàjọba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kan afárá. Òun náà ló fa irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, tó yọ̀ǹda ìdajì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún Àǹtí Aránṣọ.

Ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ báyìí. Lẹ́búlẹ́bú pákó ń bà lé aṣọ àwọn oníbàárà, wọ́n ń ráhùn, òun náà ń ráhùn mọ́ Káfíńtà, Káfíńtà ń ráhùn pé maṣíìnì rẹ̀ kò jẹ́ kí òun gbọ́ ìró ayùn òun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí ọkùnrin náà figbe ta níta: "Aránṣọ! Aránṣọ o!" Ó rò pé ògiri mìíràn ti wó. Ó sáré jáde pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.

Káfíńtà kúnlẹ̀ lórí afárá, ó ń nàka sínú omi. Ẹja kan dúró níbẹ̀, kò ju ìka lọ, ó ń mi ìrù.

"Ibo lèyí gbà dé?" Káfíńtà ń bèèrè. "Ta ló gbé e wá?"

Àǹtí Aránṣọ gbójú wo òkè tí omi ti ń sun. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníbàárà ń pè é láti inú ṣọ́ọ̀bù, kò gbọ́.