Ìlà Ìkẹyìn Lára Aṣọ Ìbora Màámi

Ṣọ́ọ̀bù Màámi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní òrùlé. Òjò ń rọ̀ sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì sí aṣọ kan tó tutù. Gbogbo ìrépé aṣọ tí mo dì sínú àpò láàárọ̀ ti jáde, wọ́n tò sára ògiri bí ẹni pé oníbàárà ń bọ̀ wá wò wọ́n. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ̀ bóyá kí n kan ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Oṣù méje lẹ́yìn tí Màámi papòdà ni èmi àti Ìbídùn, ìyàwó àbúrò mi, ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí kò parí tí a bá níbẹ̀ pọ̀: bùbá tí kò lápá, ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan. A dá ti oníbàárà padà fún oníbàárà. Ó wá ku aṣọ ìbora tí Màámi ń fi ìrépé rán. Télọ̀ mìíràn a máa gbé ìrépé oníbàárà pamọ́ láìwí fún un. Màámi a dá gbogbo rẹ̀ padà, a wá tọrọ ẹyọ kan péré. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tọrọ wọn. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan ló wọ́, nítorí àìsàn ti ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà.

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká tú ìlà yìí, ká tún un rán,” Ìbídùn wí.

Mo jágbe mọ́ ọn. “Ta ló máa tú u? Ṣé o ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọwọ́ Màámi gbẹ̀yìn sí ni?”

Ó lọ ra omi wá. Mo gbórí lé tábìlì ìgéṣọ, mo sunkún títí oorun ọ̀sán fi gbé mi lọ.

“Wọlé, Àríkẹ́. Àbí o ti di àlejò?”

Màámi ló jókòó sídìí maṣíìnì.

“Ẹ kú ìjókòó, Màámi.”

Ó fa òwú. Mo nawọ́ láti bá a ki í bọ ojú abẹ́rẹ́, torí iṣẹ́ mi nìyẹn láti kékeré; ojú Màámi kì í rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa. Ó rọra ti ọwọ́ mi kúrò, ó ki í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“Ẹ ti ń ríran, Màámi!”

“Kedere. Wo ọwọ́ mi, kò gbọ̀n mọ́.”

Inú mi dùn débi pé mo ń pàtẹ́wọ́. Ó wá tẹ́ aṣọ ìbora náà sórí itan, ó mú abẹfẹ́lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìlà ìkẹyìn.

“Ẹ má tú u, Màámi! Ọwọ́ yín ló wà níbẹ̀.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ọwọ́ mi wo? Èyí tí àìsàn ń darí? Bí ọmọ iṣẹ́ bá rán irú èyí, kí ni mo máa ń sọ?”

“Ẹ máa ń ní kó tú u.”

“Ìwọ wá fẹ́ máa fi àìsàn mi bora.”

Ó na abẹfẹ́lẹ́ náà sí mi. Mo fà sẹ́yìn, torí wọ́n ní èèyàn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òkú lójú àlá. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ṣé oúnjẹ ni mo gbé fún ọ ni? Iṣẹ́ ni. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.”

Mo gbà á.

Ìbídùn ló jí mi, ó gbé omi lọ́wọ́. “Àǹtí mi, ẹ ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.”

“Má bínú sí mi, jọ̀ọ́,” ni mo fi dá a lóhùn. “Bá mi di etí aṣọ yẹn mú.”

Mo tú ìlà náà díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mí, n kò ní í purọ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ló kún ẹnu mi. Nígbà tí mo tú u tán, mo tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀. Gbogbo ìlà yòókù gún régé, láti òkè délẹ̀. Láti oṣù méje tí mo ti ń ṣọ̀fọ̀, n kò wò wọ́n rí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi lé wọn. Ọwọ́ Màámi nìyẹn.