Omi Tí Ọkọ Mi “Se”

Létí odò tí a pàgọ́ sí, ọkọ mi lẹ ìwé mọ́ kẹ́ẹ̀gì kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Mo ti se omi yii.” Mo mu ife méjì, mo bu ọ̀kan fún ìyá mi.

Ìgbà tí mo fẹ́ sá aṣọ ni mo rí síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ mi lórí òkúta. Ẹrẹ̀ kún un, kòkòrò wínníwínní ń rìn nínú ẹ̀. Mo bojú wo kẹ́ẹ̀gì náà.

Ó ń ru igi bọ̀.

“Ẹ ní ẹ ti sè é.”

“Sísẹ́ ni mo sẹ́ ẹ, kí ìdọ̀tí kọ́kọ́ kúrò. Igi tí a máa fi sè é nìyí.”

Ife ti ṣófo lọ́wọ́ ìyá mi.

Olùkọ́ èdè ni ọkọ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, odidi kíláàsì ló fún ní òdo, torí wọn ò fàmì sórí ọ̀rọ̀.