Jòsáyà Lásúnkànmí, Ojú Ewé Kẹtàdínlógún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì Ifọ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1944. Lọ́jọ́ Kérésìmesì yẹn gan-an, ọkùnrin yìí kan náà wà nínú igbó Bọ́má, ó ń bá àwọn ará Jàpáànù yìnbọn. Nígbà tó máa fi di ọdún 1954, ó ti di káńsẹ́lọ̀, ó ń bá ìjọba jiyàn lórí owó orí. Orúkọ rẹ̀ ni Jòsáyà Lásúnkànmí. Ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣọ́ọ̀ṣì náà ló wí bẹ́ẹ̀, ní ojú ewé kẹtàdínlógún, pẹ̀lú fọ́tò ẹyọ kan péré. Ìwé burúkú yẹn ló fẹ́ ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́.

Èmi ni Fẹ́yìsayọ̀, tí gbogbo àdúgbò Lotto ní Mówè mọ̀ sí Ìyá Tòún. Páìpù, táàpù àti táǹkì omi ni mò ń tà. Ọdún 2001 ni Olúgbádé ọkọ mi kú, ọmọ kan ṣoṣo tó sì fi sílẹ̀ fún mi ni Tòún. Nígbà tí Tòún wá sọ fún mi lọ́dún 2006 pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, inú mi dùn, àfìgbà tó dárúkọ rẹ̀: Ọlágòkè Lásúnkànmí. Mo ní, “Lásúnkànmí kẹ̀? Bíi tiwa?” Mo ṣèwádìí, kò sí ìyá tí kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ọmọkùnrin náà, Diákónì Lásúnkànmí tó ń gbé ní Ìbafò, sọ fún mi pé òṣèlú ni bàbá tó bí òun, káńsẹ́lọ̀ ní Ifọ̀. Sójà ni bàbá ọkọ mi ní tiẹ̀, ó ja ogun Bọ́má, Olúgbádé ò sì jẹ́ kí n gbàgbé bẹ́ẹ̀. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, sójà kì í ṣe káńsẹ́lọ̀. Lásúnkànmí pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. A ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, a tẹ káàdì, a gba gbọ̀ngàn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ ìgbéyàwó ni kọmití ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì Ìbafò pè wá. Alàgbà Ọ̀ṣuntókun ni alága wọn, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú rẹ̀ yẹ ìwé yín wò. Ó ti rí i nínú fọ́ọ̀mù pé nǹkan kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì kọ síbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ bàbá-bàbá wọn: Jòsáyà Lásúnkànmí, Ifọ̀. Ló bá fa ìwé ìrántí yẹn yọ láti inú àpò, ó ṣí i sí ojú ewé kẹtàdínlógún, ó gbé e síwájú mi.

“Ìyá Tòún, ẹ kà á fúnra yín. Àlùfáà, sójà, òṣèlú. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn ọmọ yìí.”

“Alàgbà, ẹ wo déètì tó wà níbẹ̀. Báwo lẹ́nì kan ṣe máa wà ní Ifọ̀ kó tún wà ní Bọ́má lọ́jọ́ kan náà?”

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. “Kò sí ohun tí Ọlọ́run ò lè ṣe.”

Háà! Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣeré. Kò ṣeré rárá.

Mo yíjú sí Diákónì kó gbà mí sílẹ̀. Ọkùnrin yìí tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ní tòótọ́, bàbá òun kì í ṣe Àlùfáà yẹn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àkọ́bí Àlùfáà ni, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo ní irọ́ ni, torí ọkọ mi sọ fún mi kó tó kú pé sójà ni àkọ́bí Àlùfáà, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi sọ òun náà.

“Àkọ́bí méjì,” ni Alàgbà Ọ̀ṣuntókun wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. “Ẹ ẹ̀ rí i? Bí sójà àti káńsẹ́lọ̀ bá jẹ́ ẹnì kan, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni Tòún àti Gòkè. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹni méjì, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ẹbí ṣì ni. Kò síbi tí ẹ máa gbà. Àfi tí ẹ bá rí ẹlẹ́rìí mú wá lọ́jọ́ Sátidé.”

Tòún sunkún láti Ìbafò dé Mówè. Ó di òrùka tí Gòkè fún un mú. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ṣé torí pé ẹnì kan ya ọ̀lẹ, tí kò lè kọ ìtàn ẹni mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni ọmọ mi ò fi ní í rọ́kọ fẹ́?

Lọ́jọ́ kejì mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo wọkọ̀ dé Berger, mo wọ òmíràn dé Sango, mo tún wọ òmíràn kí n tó dé Ifọ̀. Ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì, akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ ò mọ nǹkan kan ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Ó ní ṣé kí òun tún tà mí ní ẹ̀dà kan. Mo dákẹ́, torí ilé Ọlọ́run la wà. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níta ló ṣàánú mi. Ó ní kí n lọ rí Alhájì Bùrẹ́ímọ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ tó ń gbé lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ní bàbá náà ti lé lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ pé.

Orí bẹ́ǹṣì ni mo bá Alhájì, ó ń fọwọ́ yí tẹ̀sùbáà. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní Jòsáyà Lásúnkànmí ni mo wá béèrè.

“Èwo nínú wọn?” ni bàbá bi mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn.

“Jòsáyà pọ̀ o, ọmọ mi,” ló wí. “Èmi tí mo jókòó síbí, mo ti jẹ́ Jòsáyà Lásúnkànmí rí.”

“Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ṣeré. Láti àná ni wọ́n ti ń bá mi ṣeré.”

Kò ṣeré. Ó ní Àlùfáà Lásúnkànmí ò bímọ kankan láyé rẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun kàwé máa ń mú un wá sílé míṣọ̀n, ọmọ náà á máa pọnmi, á máa gbálẹ̀, Àlùfáà á sì máa rán an nílé ìwé. Tó bá wá di àtikọ orúkọ sílẹ̀ nílé ìwé, orúkọ tara rẹ̀ ni Àlùfáà máa kọ fún gbogbo wọn. Tó bá tún di ọjọ́ ìrìbọmi, Jòsáyà náà ló máa fún wọn.

“Ọkùnrin dáadáa ni,” ni Alhájì wí. “Ó kàn fẹ́ràn orúkọ rẹ̀ ni. A tó méje nígbà kan. Tó bá pe Jòsáyà, gbogbo wa la máa jẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí bàbá mi gbọ́ pé wọ́n ti yí Bùrẹ́ímọ̀ padà, ó wá wọ́ mi lọ sílé. Àwọn tó kù dúró ní tiwọn.”

“Èyí tó di sójà ńkọ́?”

“Ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ọ̀fàdà ni.”

“Káńsẹ́lọ̀ ńkọ́?”

“Bàbá tiẹ̀ ń ru ẹrù ní ibùdó rélùwéè níbí. Wọn ò bára wọn tan rárá. Ìjà gan-an ni wọ́n máa ń bá ara wọn jà, torí ẹ̀gẹ́ sísun.”

Mo jó níwájú bàbá arúgbó yẹn. Mo jó dáadáa, mi ò tijú.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo háyà mọ́tò, mo lọ gbé Alhájì wá sí Ìbafò. Ó jókòó síwájú kọmití, ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi, kò bù ú, kò fi kún un. Alàgbà Ọ̀ṣuntókun ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gòkè di Tòún lọ́wọ́ mú. Èmi ti ń yin Olúwa nínú mi nígbà tí Diákónì dìde.

“Irọ́ ni ọkùnrin yìí ń pa! Bàbá mi, ọmọ aláàárù? Èmi tí mò ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ogún ọdún, gbogbo èèyàn ń pè mí ní ọmọ-ọmọ Àlùfáà, kí n wá di ọmọ-ọmọ aláàárù lẹ́ni ọgọ́ta ọdún?”

Gòkè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi.”

“Dìde níbẹ̀! Mi ò lè ta bàbá mi nítorí ìyàwó.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi fò sókè. Mo ní, “Diákónì, ìgbéraga yín yìí á pa yín! Ọmọ yín nìyí lórí ilẹ̀. Òkú tí wọ́n ti sin láti àádọ́ta ọdún lẹ ń gbèjà, ẹ ń fi ayé alààyè ṣòfò. Ta ló fẹ́ mọ bàbá ta ló ru ẹrù? Ẹ wò ó, ẹ ti sú mi, ẹ sú mi pátápátá!” Mo tún sọ àwọn èyí tí mi ò lè tún sọ níbí. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró.

Alàgbà Ọ̀ṣuntókun gbọ́ tán, ó ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó ní tí ìdílé kan bá ti gba ọ̀rọ̀ Alhájì, ó tó. Tí Diákónì bá fẹ́ jẹ́ ọmọ Àlùfáà, kó máa jẹ́ ẹ lọ. Kí Ìyá Tòún ṣáà ti kọ ọ́ pé sójà kì í ṣe ọmọ Àlùfáà, kó kọ orúkọ bàbá tó bí i, kó fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ ò bára wọn tan nìyẹn. Ó ti bébà sọ́dọ̀ mi, ó fi báírò lé e.

Mo mú báírò. Ọwọ́ mi ò sì gbéra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Owódé ni. Ọjọ́ tí mo wọlé Olúgbádé, àwọn èèyàn rẹ̀ sọ fún mi pé kí n dúpẹ́, ilé Àlùfáà ni mo wọ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń jẹ́ ìyàwó ilé Àlùfáà. Nígbà tí Olúgbádé kú, èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sára sàréè rẹ̀ pé ọmọ-ọmọ Àlùfáà ló sùn síbẹ̀. Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi pa á rẹ́?

“Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?” ni mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ. “Ṣé Diákónì ò lè kọ tiẹ̀ ni?”

Mo gbójú sókè, mo rí Tòún. Bí Gòkè ṣe wo bàbá rẹ̀ láti orí ilẹ̀ ni ọmọ mi ṣe ń wo èmi náà. Ojú tì mí. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa kọjú sí.

Mo kọ ọ́. *Jòsáyà Lásúnkànmí tó jẹ́ sójà kì í ṣe ọmọ Àlùfáà. Ọmọ*... Mo dúró níbẹ̀. Mi ò mọ orúkọ bàbá náà. Láti ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ fún mi rí, èmi náà ò sì béèrè.

“Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ bàbá yẹn?”

“Ògúnṣọlá,” ni Alhájì wí. Kò rò ó rárá. “Oṣooṣù ló máa ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Ọ̀fàdà, pẹ̀lú ìrẹsì lórí. Wọn kì í jẹ́ kó wọ ọgbà míṣọ̀n torí kò tíì gba ìgbàgbọ́. Ẹ̀yìn ọgbà ló máa ń dúró sí, á máa pe ọmọ rẹ̀: Àjàní! Àjàní! Àwa tó kù á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà á sáré lọ gba ìrẹsì, á ní kí bàbá máa lọ kíákíá, kí tíṣà má baà gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀.”

Mo kọ Ògúnṣọlá, àgbẹ̀, Ọ̀fàdà. Mo fọwọ́ sí i. Alàgbà Ọ̀ṣuntókun kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó lu òǹtẹ̀, ó ní ìgbéyàwó á wáyé. Tòún wá dì mọ́ mi, ó tún ń sunkún. Àwọn kọmití bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé wọn.

Diákónì nìkan ni kò kúrò lójú kan. Kò sẹ́ni tó tún ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rọra rìn lọ sídìí àga Alhájì, ó kó agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí bàbá náà.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ló wí. “Tèmi ńkọ́? Kí lorúkọ ẹni tó ń ru ẹrù yẹn?”