Ìwé Ogójì Ìgbẹ̀bí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ń gbẹ̀bí ní ọsibítù kan náà kí àwọn ọ̀gá tó jí lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní ẹni tí kò bá ní oyè kejì kò lè jẹ́ olórí yàrá ìgbẹ̀bí mọ́. Wọ́n fún un ní ọdún méjì. Ó bú wọn nínú, ó lọ gba fọ́ọ̀mù.

Òdìkejì títì ni ilé-ẹ̀kọ́ wà. Àwọn náà ti rí i pé gbogbo èèyàn ló ń wá oyè yìí, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn gbàgà. Kíláàsì ogún èèyàn di ọ̀ọ́dúnrún. Wọ́n dá ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, wọ́n lẹ̀wé mọ́ ògiri pé àwọn ń bá ìgbà yí. Olùkọ́ ìgbẹ̀bí méjì tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀, méjì náà ni wọ́n ṣì jẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Dókítà, torí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Abẹ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ló ti kọ́ bí a ti ń gba orí ọmọ. Òun ló wá bẹ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ pé kó bá òun mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méje. Láràárọ̀ ni wọ́n ń rọ̀gbà yí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ká bí òròmọdìẹ. Dókítà á yọjú lọ́jọ́ Ẹtì, á fọwọ́ síwèé wọn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìwé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ogójì ìgbẹ̀bí ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀, olùkọ́ tó bá wà níbẹ̀ nígbà ìgbẹ̀bí kọ̀ọ̀kan ni yóò sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́, gbé tirẹ̀ wá, Dókítà ṣí i, ó pa á dé. Ó ní olùkọ́ kankan ò sí níbẹ̀.

"Tàwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ fún wọn."

Ó ní kó fara balẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni ọdún méjì tí wọ́n fún Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ máa pé, wọ́n á sì gbé ipò rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ mú ìwé rẹ̀, kò kí i pó dàbọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yẹ obìnrin tó ń rọbí ní ibùsùn kejì wò, ó rí i pé ó ku bíi wákàtí kan. Ó bá lọ dúró sẹ́yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó di ìwé rẹ̀ mú bíi tiwọn, ó ní kí ọ̀kan nínú wọn lọ pe olùkọ́.

Dókítà sáré dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wí. "Akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kọ́ wa."

Ẹnì kan fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tó ti gbẹ̀bí kẹ́yìn. Nígbà tí orí ọmọ yọ, aboyún wo ojú rẹ̀, ohun tó rí níbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Ìyá tó yẹ̀ mí wò láàárọ̀ dà?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti wọ ìbọ̀wọ́ kó tó parí ọ̀rọ̀. Inú ṣì ń bí i, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò bá a bínú. Ó ní kó mí díẹ̀díẹ̀, kó má tì í mọ́. Ọmọbìnrin ni. Ó ké, ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún.

Ìgbà tí ibi ọmọ jáde, tí ìyá àtọmọ wà dáadáa, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fọwọ́, ó ṣí ìwé rẹ̀ síwájú Dókítà.

"Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ rí mi."

Dókítà fọwọ́ sí i láìgbójú sókè. Ó fẹ́ẹ́ máa lọ. Ó ní òun ní kíláàsì, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló ń dúró de òun.

"Kí wọ́n dúró." Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ẹsẹ̀ ti àga sí i nídìí. "Ó ku mọ́kàndínlógójì. Ibùsùn kẹrin ti ń rọbí. Ẹ jókòó."